Orí tòmátò tí mo ń gé sọ nù

Odidi ọdún méjì ni mo fi ń gé orí tòmátò mi, tí mo sì ń da èyí tí mo gé sí ààtàn. Mi ò mọ̀ pé ohun ọ̀gbìn tuntun ni mo ń dà nù. Nígbà tí mo wá mọ̀, ìkánjú tún kó mi sí wàhálà. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ mọ irú tòmátò tí ẹ gbìn. Irú kan wà tó jẹ́ pé tó bá ti ga dé ìwọ̀n kan, á dúró, á sì so èyí tó fẹ́ so. Ẹ má fọwọ́ kan orí ìyẹn rárá, èso lẹ máa gé dà nù. Irú kejì kì í dẹ́kun gíga títí tó fi máa kú. Òun la máa ń gé, tí a máa ń so mọ́ ọ̀pá.

Ara ata ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí orí gígé ń ṣe. Inú ọ̀mùnú tó wà ní ṣóńṣó orí ni oje kan tí wọ́n ń pè ní auxin ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Oje yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka tó wà ní abíyá ewé jí. Ata mi kan ga tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́ka kankan. Mo fi èékánná já orí rẹ̀ sókè oríkèé kẹfà. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, mi ò rí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ewé kan sókè: ohun kan tí kò ju orí ìṣáná lọ ti yọ níbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Abẹ́ ewé kejì náà ti yọ. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Òótọ́ ni pé ó pẹ́ kó tó tanná ju àwọn tí mi ò gé lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ̀ka, ó sì le dáadáa.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo gé orí tòmátò kan láàárọ̀, mo tẹ ẹ̀ka rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí n lè so ó mọ́ ọ̀pá, ó di ọjọ́ kejì mo ṣí i lọ sínú ìkòkò míì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà lójú kan. Ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ kan jinná kí ẹ tó dá òmíì sí i lára. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹ̀ka, ọ̀sán ló dáa, nígbà tí ara rẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀; láàárọ̀ omi kún inú rẹ̀, kíá ló ń dá. Aṣọ àkísà ni kí ẹ fi so ó, kí ìka kan lè kọjá láàárín. Okùn wẹ́wẹ́ máa ń gé e lára.

Ní ti ẹ̀ka tí a fẹ́ gé gbìn, èyí tó yọ ní abíyá ewé tòmátò ló rọrùn jù. Ẹ gé e ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, lábẹ́ oríkèé gan-an. Ẹ yọ ewé ìsàlẹ̀ àti òdòdó, ẹ fi í sínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì gbòǹgbò á yọ. Tó bá ti gùn tó èékánná, ẹ gbìn ín. Oòrùn ló pa àwọn tèmi àkọ́kọ́. Mo rò pé oòrùn á mú wọn lágbára, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ní gbòǹgbò tó lè fa omi. Abẹ́ ibòji ló yẹ wọ́n, kí ẹ sì máa fi oòrùn mọ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Mo ní tòmátò kan tó so ju gbogbo ìyókù lọ. Ewé rẹ̀ kan hunjọ, ibì kan lára rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ibì kan fẹ́ ṣe bí àwọ̀ ìyeyè. Mo ní ajílẹ̀ ni kò tó. Mo gé ẹ̀ka 12 lára rẹ̀. Gbogbo wọn ló ta gbòǹgbò, kò sí ìkankan tó kú, mo sì ń yọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, gbogbo ewé wọn ló hunjọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Ohun tó bá wà lára ìyá, ẹ̀ka tí a gé lára rẹ̀ á gbé e lọ. Ọ̀bẹ yẹn kan náà ni mo sì ti fi gé ẹ̀ka lára àwọn tó kù. Mo fà gbogbo wọn tu.

Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ kí n tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Tẹ́ ẹ bá ń mu sìgá, ẹ fọwọ́ dáadáa kí ẹ tó dé ìdí wọn, torí fáírọ́ọ̀sì kan náà lè wà nínú tábà. Èmi kì í gé ẹ̀ka lára ìyá kankan mọ́ láìwo ewé rẹ̀ lókè àti lábẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá tó bá yege ni mo ń gé kó tó gbó, nítorí hóró inú tòmátò tí wọ́n fi oríṣi méjì bí lè má jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí mo gé lára rẹ̀, òun gan-an ni.