Àjẹ́ Wọ Inú Ìwé Ètò Ọjọ́ Ìbí

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ọmọ mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun náà jà. Ó ní kí àwọn ọmọ SS2 mú ìwé eré kan, kí wọ́n fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ìtàn. Àwọn ẹgbẹ́ Mofẹ́ mú èyí tí kò le. Mofẹ́ tèmi lọ mú The Crucible tí Arthur Miller kọ ní 1953, ó ní ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni òun fẹ́ ṣe.

"Àjẹ́ ibo?" mo bi í.

"Àjẹ́ Amẹ́ríkà ni, Dádì. Salem, ní Massachusetts, 1692."

Ọkàn mi balẹ̀. Àjẹ́ tó jìnnà tó yẹn, tó sì ti pẹ́ tó yẹn, kí ló fẹ́ fi wá ṣe n'Íbàdàn?

Bí gbogbo ilé ṣe di ọ̀mọ̀ràn Salem nìyẹn. A ò lè jẹ àmàlà ká má gbọ́ ọ. Mofẹ́ ní àwọn ọmọbìnrin kéékèèké méjì nílé pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Samuel Parris ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí wọ́n ń lọ́ ara wọn gbirigbiri, ni wọ́n bá ní àjẹ́ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ nàka sí ni Tituba, ẹrúbìnrin tó ń sìn wọ́n nínú ilé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ràn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yẹgi fún èèyàn 19, obìnrin 14, ọkùnrin 5. Wọn ò dáná sun ẹnì kankan o. Ìyàwó mi ṣèèṣì sọ pé wọ́n sun wọ́n, ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò nínú gbẹ̀gìrì, ó fi gbogbo alẹ́ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀.

Ohun tó bí i nínú jù ni ti Abigail. Nínú ìwé eré, ọmọge ọmọ ọdún 17 ni, ó sì ń yan àlè pẹ̀lú àgbẹ̀ kan, John Proctor. Nínú ìtàn, ọmọ nǹkan bí ọdún 11 ni, Proctor yẹn sì ti tó ẹni 60 ọdún. "Dádì, ẹ̀sùn èké ni Miller náà fi kan ọmọ ọlọ́mọ!" Mo ní kó kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kíá. Títí dòní, òun ni mo rò pé ó dáa jù nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ Miller náà ní tirẹ̀ lára. Ìgbà tí Sẹ́nétọ̀ McCarthy ní Amẹ́ríkà àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń nàka sáwọn èèyàn kiri pé kọ́múníìsì ni wọ́n ló kọ ọ́, nígbà tó sì di 1956, wọ́n pe òun fúnra rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé kó dárúkọ àwọn ẹlòmíì. Ó kọ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó mi pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n pín iṣẹ́, ẹnì kan ra màlúù, ẹnì kan sanwó họ́ọ̀lù, wọ́n ní kí èmi àna wọn bójú tó ìwé ètò. Mo kó ti Màmá àti ti Mofẹ́ sínú fláàṣì kan náà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń fi ọwọ́ kan jẹ bọ́ọ̀lì, ó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ó ń bá ọmọbìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ dé. Ẹ̀rọ gbé bébà mì, ó tún pọ̀ ọ́ jáde. Orí tábìlì kan náà ló kó gbogbo rẹ̀ jọ sí, ló bá ń fi pínnì gán an pọ̀, gà-gà-gà. Ẹyọ kan tó fà lé mi lọ́wọ́ kí n yẹ̀ wò, ó pé pérépéré. Mo sanwó, mo sì dúpẹ́.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ó di ọjọ́ Sátidé, ní Òkè-Àdó. Họ́ọ̀lù kún, léèsì ń kọ mọ̀nà. Bíṣọ́ọ̀bù tó wá gbàdúrà àtàyàwó rẹ̀ wà lórí àga àwọn ẹni ọ̀wọ̀. MC nu gíláàsì rẹ̀, ó ṣí ìwé ètò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó di pé ẹ bú u: MC tó mọṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, gbogbo ohun tó bá kà lédè òyìnbó ló máa ń tú sí Yorùbá fáwọn ìyá àgbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ka àkọlé.

"Ẹ jẹ́ ká wá pe àwọn èèyàn jànkànjànkàn wa síwájú! Ẹni àkọ́kọ́... Bridget... Bishop!"

Bíṣọ́ọ̀bù gbórí sókè. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i.

"Ta ni Bridget?"

MC ti kọjá ibẹ̀. "Sarah... Good!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àǹtí Sárà tó ń ta aṣọ ní Gbági tún gèlè ṣe, ó dìde, ó ń juwọ́. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Sárà ṣe gúdù lóòótọ́, òun ló bá mi gbé owó ọ̀yà lọ́jọ́sí."

"Rebecca... Nurse!"

Họ́ọ̀lù hó yèè. Màmá Rebeka ni àbúrò Màmá tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Onígángan lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n há báàgì mọ́ abíyá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan lẹ igba náírà mọ́ wọn níwájú orí, òógùn sì gbé e ró síbẹ̀. MC wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá Màmá Nọ́ọ̀sì lọ́lá, ló bá gbójú wo òkè ìwé. Ó kọ́kọ́ ka òyìnbó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ó mọṣẹ́, ó tú u:

"Àwọn tí wọ́n yẹgi fún... nítorí iṣẹ́ àjẹ́."

Gángan dákẹ́. Onílù Ìbàdàn kì í dákẹ́ fún nǹkan kékeré.

Màmá Rebeka gbẹ́sẹ̀ kan sókè, wọn ò tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí. "Ta ni wọ́n yẹgi fún?"

Kí n tó dé iwájú, Salem ti dé Òkè-Àdó. Àǹtí Sárà tó ń juwọ́ lẹ́ẹ̀kan ti ń sọ pé òun ò sí nínú ẹ, wọ́n sáà kọ "Good" ti orúkọ tòun, kí wọ́n lọ bi àwọn tí wọn ò kọ ọ́ fún. Lobìnrin kan láti apá ìyá wọn bá fò dìde: "Mo ti ń sọ ọ́, ẹ ò gbọ́! Lọ́jọ́ Ajé, mo rí Rebeka lójú àlá, ó ń gbé mọ́ínmọ́ín fún mi jẹ!"

"Ìwọ?" ni Màmá Rebeka wí. "Ìwọ tó jẹ mí lówó aṣọ ẹbí, èmi ni màá tún wá gbé mọ́ínmọ́ín fún lójú oorun?"

Mofẹ́ fa agbádá mi. Ojú ẹ̀ ń dán. "Dádì, ẹ gbọ́ yẹn? Irú ẹ̀rí tí wọ́n gbà ní Salem gan-an nìyẹn!" Ó ní níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ti lè sọ pé òjìji rẹ ló wá já òun léèékánná lóru, ó ti tán, ì báà jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ lo sùn sí. Ó ti yọ bírò, ó ń kọ ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín sílẹ̀.

Wọ́n wá rántí béèrè ẹni tó tẹ̀wé. Ojú gbogbo ẹbí yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dọ̀bálẹ̀ tagbádá-tagbádá.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Àjẹ́ Amẹ́ríkà ni."

Bóyá n bá tiẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n ti ní ẹ̀ka lókè òkun!"

Ohun tó gbà mí ni ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé kà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ MC, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Bíṣọ́ọ̀bù ló ṣáájú nínú orúkọ wọn." Kẹ́kẹ́ pa. Bíṣọ́ọ̀bù wúkọ́. Ẹ ò rí bí gbogbo ilé ṣe gbọ́n lójijì! Bàbá ìjọ kan ní àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi náà ní òun ti mọ̀ látàárọ̀ pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Mofẹ́ sọ ọ́ sí mi létí pé bó ṣe parí ní Salem náà nìyẹn: wọ́n ń nàka títí ó fi kan àwọn ọlọ́lá, wọ́n ní orúkọ ìyàwó gómìnà, William Phips, pàápàá ti wọ̀ ọ́, ni gómìnà bá tú ilé ẹjọ́ náà ká ní oṣù October 1692.

Ìgbà yẹn ni Màmá ọlọ́jọ́ ìbí gba máìkì. Wọ́n ní àwọn ò tíì ju ọmọdé lọ nígbà tí àwọn Àtíńga, àwọn tó ń wá àjẹ́ kiri ìlú, wọ apá Ìlaròó ní 1951, ibẹ̀ sì ni ìyá àwọn ń ná. Bí adìẹ bá ṣe ṣubú kú ni wọ́n fi ń dájọ́ fún ìyá arúgbó, àfìgbà tí ìjọba òyìnbó fòfin dè wọ́n. "Ṣùgbọ́n tiwa ti bọ́," ni Màmá wí. "Gbogbo adìẹ tó wà nílé yìí ló ti wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àbúrò mi ń jẹ̀yàn, kó lọ wo itan adìẹ nínú àwo rẹ̀, bóyá ó dojú délẹ̀. Ẹ gbóńjẹ wá, ebi ń pa mí."

Wọ́n gbé e wá. Mo rí èèyàn bíi mélòó kan tó wo itan adìẹ dáadáa kó tó jẹ ẹ́.

Ojú ewé tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ Màmá, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló balẹ̀ sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, láàárín ilé ẹjọ́ Salem àti McCarthy. Olùkọ́ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ olóyè tó ṣe alága ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ sí i pé: "Ọdún wo ni wọ́n yẹgi fún eléyìí?" Níwájú ibi tí a kọ ọ́ sí pé Bíṣọ́ọ̀bù á gbàdúrà ìparí, "Níbo lo ti rí èyí?" Kò yọ ju máàkì méjì lọ, èèyàn dáadáa ni.

Màmá Rebeka ni ò tíì gbà. Wọ́n ti ní kí Mofẹ́ ka ìtàn olórúkọ wọn fún wọn lórí fóònù. Ẹni ọdún 71 ni Rebecca Nurse, àwọn ará àdúgbò kọ̀wé pé àwọn ò rí ìwà ibi kankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àwọn ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Làwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá tún figbe ta nílé ẹjọ́, adájọ́ àgbà, Stoughton, ní kí wọ́n padà lọ rò ó wò, wọ́n padà dé, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Wọ́n yẹgi fún un ní July 19.

"Wọ́n wá fi adájọ́ yẹn ṣe kí ni?"

"Ó di adelé gómìnà lẹ́yìn náà, Màmá. Kò tọrọ àforíjì."

Mo gbọ́ tí wọ́n pòṣé. "Àní Ìbàdàn ni Salem yẹn. Ilé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun!"

Wọ́n ní kí Mofẹ́ bá àwọn wá ìwé tí àwọn ará àdúgbò yẹn kọ, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di ìpàdé ẹbí, kí ẹlẹ́mọ́ínmọ́ín yẹn lè gbọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń jẹ́rìí èèyàn. Wọ́n ní kó má gbàgbé o, kó bá àwọn kọ iye owó aṣọ ẹbí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.