Ìdérí Táǹkì Bàbá

Sátidé, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí katakata kékeré tí Bàbá fi ń gé koríko ti ń dá mi lágara. Á dáhùn lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 15, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, á tún dáhùn, á tún kú. Koríko ò sì dúró dè mí nínú òjò oṣù kẹfà yìí.

Kàbúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni mo fura sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú u, tí mo fọ ihò tíńtín tí epo ń gbà. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Kò yí padà.

Lónìí, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì àdúgbò wa pé kí wọ́n bá mi wo kàbúrétọ̀ náà. Wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, “Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa ná, kí o wá ìgò kan wá.” Wọ́n yọ rọ́bà epo lẹ́nu kàbúrétọ̀, wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, a jókòó tì í. Táǹkì kún débi ọrùn. Epo kọ́kọ́ tú yàà, ó wá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó di ẹ̀kán-ẹ̀kán, ó dá. Ẹ̀gbọ́n tú ìdérí táǹkì díẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé, “ṣíì!” Epo tún ń ṣàn.

Katakata yìí ò ní pọ́ọ̀ǹpù epo. Òkè ni táǹkì wà, epo fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti lu agolo mílíìkì ní ihò kan ṣoṣo rí á mọ̀ pé kò ní ṣàn dáadáa, àfi tó bá lu èkejì. Ihò kan bẹ́ẹ̀ wà lára ìdérí táǹkì, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Eruku àti koríko gbígbẹ ti dí i pa.

Mo rántí pé ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá parí iṣẹ́, wọ́n máa ń nu ìdérí yẹn, wọn á tún fẹnu fẹ́ ẹ. Mo rò pé ìmọ́tótó lásán ni. Ó dùn mí pé mi ò bi wọ́n.

Rọ́bà epo náà ò sàn. Lóde, kò sí àbùkù; nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi abẹ là á, inú rẹ̀ ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Mo ra ẹsẹ̀ bàtà 3, ojúlówó rọ́bà epo, kì í ṣe rọ́bà omi tó mọ́ gaara yẹn, torí bẹntiróò máa ń mú un le, á wá sán. Fíltà náà di tuntun, ọfà ara rẹ̀ kọjú sí kàbúrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n sì gbé rọ́bà jìnnà sí sàlẹ́ńsà, kí epo má baà máa hó nínú rẹ̀.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi ṣiṣẹ́ láìwúkọ́. Màámi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, “Ohùn rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn.” Ẹ̀yìn kànga ló kù. Mo máa gé e lọ́la tí a bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, bí òjò bá gbà.