Bí a ṣe yan AC tuntun fún yàrá Màmá mi ní Sùúrùlérè

AC ojú wíńdò tó wà nínú yàrá Màmá mi kú nínú oṣù Kẹta, ìgbà tí ooru Èkó máa ń mú jù, tí òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń ti gáàsì káàkiri, ló jóná. Ẹnjiníà tó máa ń bá wa tún un ṣe ní òun lè bá wa wá tòkunbọ̀ sí i, mo ní rárá. Ẹ̀rọ náà dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, pánù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóru, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ooru kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Tuntun ni mo fẹ́ kí a rà, mo sì fẹ́ kí a rà á bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí nínú ilé àtijọ́, mo bẹ̀ yín, ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n máa bi yín ni, "HP mélòó lẹ fẹ́?" HP ni wọ́n fi ń sọ bí AC ṣe lágbára tó. Wọn ò ní béèrè bí àjà yín ṣe ga tó, tàbí bóyá oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kan ògiri yín.

Ìdílé bàbá mi wà lára àwọn tó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé níbẹ̀ ní 1955, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè, ibi tí wọ́n ń pè ní New Lagos nígbà náà. Lẹ́yìn òmìnira ni Bàbá wá kọ́ ilé tiwọn ní apá Ìtìrẹ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àjà rẹ̀ ga, ẹsẹ̀ bàtà 11. Fèrèsé onílúùfà wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní ọmọdé, a kì í tan fáànù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn wa ti kọ́ alájà mẹ́ta báyìí, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ ti dí, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ilé tí wọ́n kọ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, kó máa jáde, ni a wá fẹ́ mú tutù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ kí ibi gbogbo dí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ilé àtijọ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló là mí lójú. Winnipeg ni wọ́n ń gbé, ní Kánádà, ilé àtijọ́ ni tiwọn náà. Nígbà òtútù tó kọjá, furnace wọn, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó wá wò ó kò dárúkọ ẹ̀rọ kankan títí ó fi wọn gbogbo yàrá tán, tó ka wíńdò, tó gun òkè àjà lọ wo bí ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti dá ooru dúró ṣe nípọn tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ṣírò ooru tó ń sá kúrò nínú ilé. Ó ní furnace àtijọ́ yẹn ti tóbi jù fún wọn látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ wíńdò. Èyí tó kéré sí i ni wọ́n rà, ó ń sọ ohun tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gáàsì di ooru fún ilé, nígbà tí èyí tí wọ́n yọ kò ju nǹkan bí 80 lọ. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá lè wọn ilé nítorí òtútù, àwa náà lè wọn tiwa nítorí ooru.

Mo ní kí Ẹnjiníà mú téèpù dání. Kó tó wọn ohunkóhun, 2 HP ló ti ń sọ, nítorí pé àjà ga. "Àǹtí, èyí tó lágbára ni kí ẹ rà, kó má baà ṣe wàhálà." Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 14 ní òòró. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gíga 11, ó di 1,848. Ká ní àjà rẹ̀ jẹ́ 9 bíi ti ilé ìwòyí, 1,512 ni ì bá jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín méjèèjì yẹn, lókè orí tí ẹnikẹ́ni ò dé, owó iná la ó máa fi mú un tutù. Ògiri kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi ò lè gbé ọwọ́ lé e kó pẹ́. Páànù ló wà lókè, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni síílìn abẹ́ rẹ̀. Lúùfà kan kì í pa dé mọ́, àlàfo inú rẹ̀ gba ìka mi.

BTU ni òṣùwọ̀n ooru tí AC lè kó kúrò nínú yàrá. 1 HP ni wọ́n ń kà sí BTU 9,000 ní wákàtí kan, 1.5 HP jẹ́ 12,000, 2 HP sì jẹ́ 18,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé èyí tó tóbi ló dára. Ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rinrin. AC kì í mú afẹ́fẹ́ tutù nìkan, ó ń fa omi inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú. Omi yẹn ló ń kán lẹ́nu páìpù níta. Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fa omi náà kúrò. Èyí tó tóbi jù á mú yàrá tutù wàràwàrà, á kú, omi á ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Òtútù á mú yín, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì á rin, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù á máa hu èbu. Màmá tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́ 2 HP, wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ẹja inú fírísà ni?" Mo gbà pẹ̀lú wọn.

A kọ́kọ́ tún yàrá ṣe. Káfíńtà kan síílìn PVC sí abẹ́ ti àtijọ́, ó mú un wá sí ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí: tí ilé yín bá ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ, kó gé e, tàbí kó lu ú. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ara ògiri ni káfíńtà wa kan igi mọ́, kò fọwọ́ kan ti òkè rárá. Àlàfo tó wà láàárín síílìn méjèèjì ń dá ooru páànù dúró báyìí. A pààrọ̀ lúùfà ẹ̀gbẹ́ sí wíńdò sláídìn tó ń dí dáadáa, a sì fi kọ́tìnnì tó nípọn sí apá ìwọ̀-oòrùn. Lúùfà iwájú ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n kàn pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ àti irin tó ń dì í mú, kó lè máa pa dé. Bí iná bá lọ, tí epo sì tán, Màmá gbọ́dọ̀ lè ṣí nǹkan kan kí wọ́n mí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ní 1.5 HP ti tó.

Wáyà inú ilé náà ti pẹ́ bíi ti ilé, ara rẹ̀ ti gan, ó ń ya bí a bá tẹ̀ ẹ́. AC àtijọ́ ti ń fa iná láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fáànù àti áyọ́ọ̀nù ń lò. Ẹlẹ́títíríìkì fa wáyà 4 mm tuntun láti bọ́ọ̀dù wá tààrà fún AC nìkan, ó fún un ní bírékà tirẹ̀, ó sì ri ẹ́ẹ̀tì, irin tí iná tó bá jò máa gbà lọ sínú ilẹ̀, mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ilé náà ò ní tẹ́lẹ̀. Owó tó wọlé síbẹ̀ dùn mí, àmọ́ iná wáyà ti jó ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí ní àdúgbò wa rí.

Ọ̀rọ̀ owó iná ló jẹ́ kí n yan AC inverter. Ní oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn Band A, àwọn tó yẹ kí iná wọn pé wákàtí 20 lóòjọ́, sí ₦225 lórí yúnìtì kan, ìyẹn 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Ó ti yí padà díẹ̀ látìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ojú wíńdò tó ń fa 1,500 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ á jẹ yúnìtì 12, ìyẹn ₦2,700 lóru kan ní iye ti 2024. Inverter kì í kú kó tún máa jí bíi ti àtijọ́; bí yàrá bá ti tutù, ńṣe ló ń dẹ eré kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Bó bá ń fa nǹkan bí 600 wáàtì káàkiri òru, yúnìtì 4.8 ni, ₦1,080. Kò ní bátìrì nínú o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé kì í fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ti àtijọ́ máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ iye tó ń lò bó bá ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi máa ń ké tó sì ń kú. Jẹnẹrétọ̀ wa gbé tuntun yìí láìmí kanlẹ̀. A ṣì fi stabilizer sí i, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́, háàfù kọ́rẹ́ńtì la máa ń rí, ìyẹn sì ń pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Lórí gáàsì tí AC fi ń mú yàrá tutù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní R32 ni mo béèrè. R22 tí ti àtijọ́ ń lò ń ba ozone, ìpele òkè ojú ọ̀run tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, jẹ́, ó sì wà lára ohun tí gbogbo ayé ń mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1987. R410A kò pa ozone lára, àmọ́ bó bá jò, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po mẹ́ta ti R32. R32 lè gbiná díẹ̀, nítorí náà ẹni tó mọṣẹ́ ni kó fọwọ́ kàn án. Kí n sì fi èyí kún un: gáàsì AC kì í tán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá rọ gáàsì sí tiyín lọ́dọọdún, ó ń jò níbì kan, ibẹ̀ ni kí ó wá kó tó gba owó.

Alábà la ti rà á. Kí n tó sanwó, mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ họ ara páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbà gidi ló wà níbẹ̀, ó pọ́n wọ inú. Èyí tí mo kọ́kọ́ họ ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn funfun lábẹ́ ọ̀dà, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n kùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń tà á ti búra pé bàbà ni.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e kọ́, mo béèrè fáákúùmù pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù AC, lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tú gáàsì díẹ̀ sílẹ̀ kó lè ti afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó, nítorí pé omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn á kù sínú páìpù, á sì máa jẹ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lọ yá ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. A jọ dúró ti géèjì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, ó kọjá òdo, ó dúró ní −30. Ó pa pọ́ǹpù, mo ní kí a dúró sí i. Abẹ́rẹ́ náà ò mira. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gáàsì sínú rẹ̀. Ara ògiri òkè ni a gbé ti ìta kọ́, kì í ṣe ilẹ̀, nítorí àgbàrá.

Ìwọ̀n 26 ni Màmá máa ń fi AC sí, wọ́n á sì tan fáànù ní ìwọ̀n ìkíní. Ọmọ mi ń fọ fílítà rẹ̀ lọ́ṣooṣù. Bí ọyẹ́ bá dé, a ó máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nítorí eruku. Ẹ rí i pé ẹ tọ́jú rìsíìtì àti káàdì wáráńtì, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bóyá wáráńtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ ẹnjiníà tiyín ló gbé e kọ́. Àwọn kan ò gbà á. Èyí tí a rà gbà á, ẹni tó tà á fún wa sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì kó tó lù ú ní òǹtẹ̀.