Herzen, ará Rọ́ṣíà tó gbé ní Paddington

Nígbà tí Alexander Herzen, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà tó ń ta ko ìjọba ọba wọn, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1852, oṣù kan péré ló lóun máa lò. Ó lé ní ọdún méjìlá kó tó kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ fi ọdún kan péré kàwé kẹ́ ẹ padà sílé, ṣé ẹ gbọ́?

Moscow ni wọ́n ti bí i ní 1812. Ọlọ́lá ni bàbá rẹ̀, àmọ́ kò gbé ìyá rẹ̀, ọmọ Jámánì, níyàwó lábẹ́ òfin, nítorí náà ọmọ ò jẹ́ orúkọ bàbá. Ìjọba fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tó gbà gbọ́, wọ́n lé e lọ sí Vyatka, ìlú kan tó jìnnà sí Moscow. Ní 1847 ó kó ìdílé rẹ̀ jáde, kò sì fojú kan Rọ́ṣíà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi rì pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ní 1851. Lọ́dún kejì, ìyàwó rẹ̀ kú ní Nice, létí òkun Mẹditaréníà. Ọ̀fọ̀ ló gbé wọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ìtòsí Primrose Hill, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé níbẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé kò sí ìlú tó ń kọ́ èèyàn ní dídá wà bíi Lọ́ńdọ̀nù. Mo kà á débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé ilé kan rí tó jẹ́ pé ohùn tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò mi nìkan ni mo mọ̀, mi ò mọ ojú rẹ̀.

Owó wà lọ́wọ́ Herzen o, ká má purọ́. Ìjọba Rọ́ṣíà gbẹ́sẹ̀ lé owó ìdílé wọn, ṣùgbọ́n James Rothschild, olówó Paris nì, bá wọn gbà á. Owó yẹn ló fi dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní 1853, àwọn ará Pólándì tí wọ́n sá kúrò nílùú tiwọn sì ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Ogarev, dé ní 1856. Lọ́dún kejì àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ Kolokol, ìyẹn Agogo. Wọ́n ń yọ́ ìwé ìròyìn náà wọ Rọ́ṣíà, àwọn aláṣẹ pàápàá sì ń kà á.

Orsett House ní Westbourne Terrace, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Paddington, ló gbé láti 1860 sí 1863. Àmì búlúù roboto, irú èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé táwọn èèyàn ńlá ti gbé, wà lára ògiri rẹ̀ títí dòní. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá nílé ńlá ló ń gbàlejò: Tolstoy àti Dostoevsky, àwọn òǹkọ̀wé ńlá Rọ́ṣíà, wá; Bakunin, tó ń ta ko ìjọba, sá kúrò ní Siberia níbi tí wọ́n lé e lọ, ó gba Japan àti Amẹ́ríkà kọjá, ó dé sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òde tó ṣe níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 1861 ni mi ò lè gbàgbé. Tsar, ọba Rọ́ṣíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko ẹrú sílẹ̀ ni. Herzen fi iná gáàsì àti àsíá ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ó pe ará Rọ́ṣíà, ó pe ará Pólándì, ó sì ti múra láti gbé ife sókè fún Tsar. Àfi bí ìròyìn ṣe dé lọ́jọ́ náà pé sójà Rọ́ṣíà yìnbọn pa èèyàn ní Warsaw, ní Pólándì tí Rọ́ṣíà ń ṣàkóso nígbà náà. Òde ti dé ojú ẹ̀! Kò gbé ife fún Tsar mọ́.

Nígbà tí Pólándì dìde ogun sí Rọ́ṣíà ní 1863, ẹ̀yìn àwọn ará Pólándì ló wà. Àwọn ará Rọ́ṣíà nílé tó ń ka Kolokol bínú, wọ́n pa á tì. Àwa tá a ti sọ̀rọ̀ nípa ìlú wa láti òkèèrè rí mọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀. Ó kó lọ sí Geneva ní 1865, Kolokol dáwọ́ dúró ní 1867, òun náà sì kú ní Paris ní 1870.