Àwọn tó kọ́ Iceland ní bọ́ọ̀lù

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí Ahmed Musa gbá bọ́ọ̀lù kejì sáwọ̀n Iceland ní ìlú Volgograd, mo pariwo débi pé ohùn mi há. Ìgbà tí ara mi rọlẹ̀ tán ni mo tó rò ó pé gbogbo èèyàn orílẹ̀-èdè tí à ń yọ̀ lé lórí yìí, àtàgbà àtọmọdé, kò ju nǹkan bí 350,000 lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó dé ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ṣáájú rẹ̀, ipò yìí kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí Curaçao, erékùṣù mìíràn tó tún kéré jù ú lọ, pegedé.

Ọ̀kan lára àwọn tó tún ikọ̀ náà tò kì í ṣe àjèjì sí wa. Lars Lagerbäck, ará Sweden, ni Nàìjíríà gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 láti tukọ̀ Super Eagles nígbà tí ìdíje South Africa ti ku oṣù díẹ̀. Argentina na wá ní 1-0, Greece na wá ní 2-1, ọ̀mì 2-2 sì ni àwa àti South Korea ta. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ, mo sì gbà lọ́kàn mi nígbà náà pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ìparí ọdún 2011 ni Iceland pè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ipò 131 ni FIFA to orílẹ̀-èdè náà sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ó di ọ̀kan lára ikọ̀ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Ọkùnrin kan náà ni, ọgbọ́n kan náà ló sì gbé dé ibi méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni àkókò tí wọ́n fún un, àti ohun tó bá nílẹ̀.

Ohun tó bá nílẹ̀ yìí ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní Iceland, òtútù àti òkùnkùn máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, nítorí náà ọmọ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní oṣù Kìíní láyé àtijọ́, inú gbọ̀ngán ìdárayá tóóró tàbí orí ilẹ̀ olókùúta wẹẹrẹ ló ti máa gbá a. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣí Reykjaneshöll ní agbègbè Keflavík, ilé ńlá kan tí odindi pápá bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e káàkiri erékùṣù náà, wọ́n sì tẹ́ àwọn pápá kéékèèké oníkoríko àtọwọ́dá tó ju 100 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iléèwé.

Àwọn ilé ńlá yìí ni àwọn oníròyìn tó lọ síbẹ̀ máa ń ya fọ́tò rẹ̀, ó sì yé mi, torí pé ilé rọrùn láti yà. Èmi ní tèmi, ẹni tó dúró nínú ilé náà tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò. KSÍ, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù wọn, ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún dá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́kọ̀ọ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tó máa di ọdún 2016, àwọn tó ní UEFA B, ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá láti ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, láàárín wọn ti lé ní 500, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 330,000 nígbà náà. Ẹ kó èèyàn 660 jọ níbẹ̀, ẹ óò rí ẹnì kan tó ní ìwé ẹ̀rí náà, ó kéré tán. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bàbá ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sídìí àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n á sì tọ́jú olùkọ́ gidi pa mọ́ de àwọn tó ti dàgbà. Ní Iceland, ọmọ ọdún mẹ́fà tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún, ló máa ń bọ́ sí, ì báà jẹ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá tàbí èyí tí kò mọ̀ ọ́n gbá.

Àwọn ọmọ tí irú ètò yìí tọ́ dàgbà wà nínú ikọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún tó lọ sí ìdíje Yúróòpù ní Denmark ní ọdún 2011: Gylfi Sigurðsson, Aron Gunnarsson, Kolbeinn Sigþórsson, Birkir Bjarnason. Àwọn wọ̀nyí ni Lagerbäck bá.

Ẹni tó sì bá a ṣe é, inú agbo àwọn olùkọ́ yìí kan náà ló ti jáde. Dókítà eyín ni Heimir Hallgrímsson, láti Vestmannaeyjar, àwọn erékùṣù kéékèèké létí gúúsù Iceland tí èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 4,000 lọ. Ó kọ́ ikọ̀ obìnrin àti ikọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ ÍBV níbẹ̀, kí ó tó di igbákejì Lagerbäck. Nígbà tí Croatia dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Brazil ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, KSÍ kò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ àwọn méjèèjì di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà pọ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé àgbà yóò lọ lẹ́yìn ìdíje ọdún 2016, ẹni tó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ yóò sì jókòó sípò. Ní ibi púpọ̀, ọ̀nà tí ẹni tuntun ń gbà wọlé ni kí wọ́n lé ẹni àná jáde, tí àwọn méjèèjì kò sì ní fojú kanra. Kí Heimir tó dá ipò náà jókòó sí, wọ́n ti jọ na Netherlands nílé àti lóko, wọ́n sì ti na England ní 2-1 ní ìlú Nice ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2016. Òun nìkan ló wá gbé wọn dé Russia, níbi tí Hannes Halldórsson, aṣọ́lé tó tún ń ṣe iṣẹ́ olùdarí fíìmù, ti mú pẹnáítì Messi.

(Ohun kan nípa Heimir máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù nílé, ó máa ń lọ bá àwọn alátìlẹ́yìn wọn ní ilé ọtí ní Reykjavík, á sì sọ orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀ fún wọn ṣáájú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀ níbí ná.)

Láti ọdún 2018, ikọ̀ ọkùnrin wọn kò dé ìdíje ńlá kankan mọ́. Heimir fipò sílẹ̀ ní ọdún náà. Jamaica gbà á nígbà tó yá, lẹ́yìn náà Republic of Ireland. Erik Hamrén, Arnar Viðarsson, Åge Hareide àti Arnar Gunnlaugsson ti jókòó síbi tó fi sílẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 2011 sì ti dàgbà. Àwọn kan wá ń sọ pé oríire lásán ni, pé ìran kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n gbá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí mi ò sì fi gbà ni àwọn obìnrin.

Ọdún méje ṣáájú àwọn ọkùnrin ni ikọ̀ obìnrin Iceland ti dé ìdíje Yúróòpù, ní Finland ní ọdún 2009, lábẹ́ Sigurður Ragnar Eyjólfsson, ẹni tó tún ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní KSÍ lákòókò kan náà. Wọ́n padà lọ ní 2013, wọ́n sì wà lára ikọ̀ mẹ́jọ tó ṣẹ́kù. Wọ́n lọ ní 2017 àti 2022. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n gba Germany lálejò ní Reykjavík, wọ́n na wọ́n ní 3-0, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìdíje Yúróòpù ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra.