Amẹ́ríkà kì í ṣe agboolé kan

Bí ọmọ kan bá fẹ́ gbéra láti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lọ sí Amẹ́ríkà, òtútù ni gbogbo ilé máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: apá ibo ló ń lọ? Boston àti Houston kò jọra, bí ẹni tó ti gbé Ìlọrin fún ogún ọdún kò ṣe lè tìtorí ẹ̀ sọ pé òun mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Owó kan náà ni wọ́n ń ná, ààrẹ kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, ohun tí wọ́n ń sè, ọ́fíìsì tí wọ́n ń lọ fún ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àti ohun tí wọ́n ń kà sí ìwọ̀sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọwọ́ àwọn tó tẹ apá kọ̀ọ̀kan dó ló ti wá.

Ìlọrin gan-an tó láti fi ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Háúsá wà ní Gàm̀bàrí, Fúlàní wà, ọmọ Nupe àti Kànúrí wà, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí nílé lónìí, torí èdè tí wọ́n bá nílẹ̀ nìyẹn. Ní ti oyè, ìdílé Shehu Àlímì ló fìdí ìlànà Ẹ́mírì múlẹ̀, òun ló sì dúró di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló wọ ibẹ̀ láti Jámánì, Ireland àti Ítálì ní ọ̀rúndún 19, ètò tí wọ́n bá nílùú tí wọ́n dé ni wọ́n sì ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Massachusetts, ìpínlẹ̀ tí Boston wà. Láàárín 1630 sí 1640, bí 20,000 èèyàn ló ṣí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀, púpọ̀ wọn láti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, tọkọ, taya, tọmọ. Ẹ̀sìn ló gbé wọn lọ. Wọ́n kọ́lé yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọ́n sì fẹ́ kí olúkúlùkù lè ka Bíbélì fúnra ẹ̀. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard sílẹ̀ ní 1636. Ní 1647 wọ́n ṣòfin pé ìlú tó bá ti ní ìdílé 50 gbọ́dọ̀ gba olùkọ́. Tó bá di 100, kó dá ilé ẹ̀kọ́ tó lè mú ọmọ dé yunifásítì sílẹ̀. Ará Ìlọrin, tó mọ bí ilé kéú ṣe ń bá àfáà wọ àdúgbò, kò ní bèèrè ìdí.

Ọ̀tọ̀ ni Virginia, tí wọ́n tẹ̀ dó ní Jamestown ní 1607. Tábà ni wọ́n ń gbìn. Tábà máa ń tán ilẹ̀ lókun, ilẹ̀ gbalasa ló sì ń fẹ́, torí náà olóko ńlá kọ̀ọ̀kan jókòó sétí odò, ó ní èbúté tirẹ̀, ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá gbé ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìlú ṣe? Àwọn òtòṣì Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi iṣẹ́ san owó ọkọ̀ tó gbé wọn wá, bí ìwọ̀fà, ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1619 wọ́n kó àwọn èèyàn dúdú àkọ́kọ́ dé, iṣẹ́ ẹrú sì wá di òpó tó gbé ọrọ̀ ibẹ̀ dúró. Gómìnà wọn, William Berkeley, kọ̀wé ní 1671 pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin 1647 yẹn wò.

Nǹkan wọ̀nyí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní Massachusetts lónìí, ìlú ló sábà máa ń ni ilé ẹ̀kọ́, ìlú 351 ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké ṣì ń pe gbogbo olùdìbò jọ láti fọwọ́ sí owó tí wọ́n máa ná lọ́dún. Ní Georgia, county, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ló sábà máa ń ni ín, 159 sì ni. Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gba ilé nítorí pé ó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó dára, láì wo ààlà. Títì kan ṣoṣo lè jẹ́ òpin ìlú, ọmọ tó wà lódìkejì ẹ̀ kò sì ní rí ibẹ̀ wọ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ìlú tàbí county tí ilé náà wà kí ẹ tó sanwó. Ní Connecticut, county kò ní ìjọba kankan láti 1960. Ní Louisiana, ẹ ò ní gbọ́ county rárá. Parish ni wọ́n ń pè é, 64 ló wà, láti ìgbà tí ìjọ Kátólíìkì àwọn Faransé àti Sípéènì ti pín ilẹ̀ ibẹ̀.

Apá kẹta ni Pennsylvania, tí William Penn gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1681, tó sì gba gbogbo ẹlẹ́sìn láyè. Germantown tó wà níbẹ̀ ni àwọn kan ti kọ̀wé ní 1688 pé kíkó èèyàn lẹ́rú kò dára.

Ibi tó gba àlàyé jù ni orí òkè Gúúsù, ìyẹn apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Láàárín 1717 sí 1775, ó ju 100,000 èèyàn lọ tó wá láti àríwá Ireland àti ààlà Scotland òun England. Philadelphia, ní Pennsylvania yẹn, ni púpọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ tó dára ti ní olówó, wọ́n forí lé òkè Appalachia, wọ́n sì tẹ̀lé e sọ̀ kalẹ̀ dé Carolina àti Tennessee. Ẹran ni wọ́n ń sìn. Ẹni tó gbin iṣu, olè kò lè ru gbogbo ebè ẹ̀ lọ lóru. Ẹran ní ẹsẹ̀. Níbi tí ọlọ́pàá àti adájọ́ kò sí, kí aráyé mọ̀ pé o kì í gba ìwọ̀sí ni ọgbà tó yí agbo ẹran rẹ ká.

Àwọn onímọ̀ dán an wò ní Yunifásítì Michigan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1996. Akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ń gba ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kọjá. Ẹnì kan fi èjìká gbá a, ó sì bú u. Kò pẹ́, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ń bọ̀ níwájú, àárín ọ̀nà gan-an ló gbà. Wọ́n wọn bó ṣe kù sí àárín àwọn méjèèjì kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó yà. Ọmọ Àríwá yà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n bú u o, wọn ò bú u o. Ọmọ Gúúsù tí wọn ò bú ti yà láti ẹsẹ̀ bàtà 9. Èyí tí wọ́n bú kò yà títí ó fi ku ẹsẹ̀ bàtà 3.

Ẹ wo 9 yẹn dáadáa. Níbi tí ìwọ̀sí ti ń di ìjà, gbogbo èèyàn á kọ́ bí a ṣe ń yà fún ara ẹni. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ẹran sísìn nìkan ló fà á, mo sì rò pé wọ́n jàre: ilẹ̀ tí wọ́n ti fi pàṣán mú èèyàn ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní 200 ọdún, ọwọ́ líle á ti mọ́ ọn lára.

Ìdí nìyẹn tí "sir" àti "ma'am" kò fi wọ́n lẹ́nu ọmọdé ní Alabama. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀fà á rí ibẹ̀ bí ilé. Àmọ́ bó bá gbé "ma'am" yẹn dé Boston, obìnrin ẹni 40 ọdún lè rò pé ó ń pe òun ní arúgbó. Ẹni tó bá sì kọjá lára rẹ̀ ní Boston láìkí i, kò bínú sí i.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ "ẹ̀yin" rẹ̀ nù. "You" ni fún ẹnì kan, "you" ni fún ogún èèyàn. Gúúsù fi "y'all" dí àlàfo náà, Pittsburgh fi "yinz" tí àwọn ará àríwá Ireland gbé wá. Elédè Yorùbá lè rò pé "y'all" ni "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Rárá o, iye èèyàn ló ń kà. Bó o bá sọ ọ́ fún bàbá kan ṣoṣo, á máa wẹ̀yìn wo àwọn tó kù.

Àṣà sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Láàárín 1910 sí 1970, bí mílíọ̀nù 6 èèyàn dúdú ló fi Gúúsù sílẹ̀. Ọkọ̀ Illinois Central ló gbé ọ̀pọ̀ ará Mississippi dé Chicago. Ìyá àgbà dúdú ní Chicago lè máa retí "ma'am" tí aládùúgbò rẹ̀ òyìnbó kò retí.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí gbogbo wọn ṣe pàdé nínú ìkòkò kan, kó wo gumbo, ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana. Orúkọ náà wá láti èdè àwọn ará Bantu, ilá ló túmọ̀ sí. Ẹ da ife òróró kan àti ife fùláwà kan sínú ìkòkò tó nípọn, kí iná má pọ̀, kí ẹ sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45, títí yóò fi ní àwọ̀ ṣokoléètì. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni èyí ti wá. Bí ẹ bá rí ẹyọ dúdú wínníwínní nínú ẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Ẹ dà á nù, torí kíkorò rẹ̀ kò ní kúrò nínú ọbẹ̀. Àlùbọ́sà, tàtàṣé tútù àti ewébẹ̀ celery ló kàn, lẹ́yìn náà omi ẹran, adìẹ tàbí edé. Ohun tó máa mú un ki ni ilá, tó ti ilẹ̀ wa lọ, tàbí filé, ewé igi sassafras gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí àwọn Choctaw tó ni ilẹ̀ fi hàn wọ́n. Ẹni tó mọ lúrú ti mọ bó ṣe rí lójú. Àmọ́ lúrú lè hó, filé kò gbọ́dọ̀ hó. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná kí ẹ tó bù ú sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fà bí okùn.