Ẹ Má Ṣe Tú Ajílẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí eruku ajílẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ kan nínú kíláàsì mi lè mí dáadáa, síbẹ̀ àyà mi ṣì máa ń já bí ọmọ kan bá wúkọ́ nígbà tí mo kọjú sí pátákó. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé inú ìwé lásán ni àwọn ọmọ ti sábà máa ń rí ajílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé máńgòrò gbígbẹ wá, tí a sì kó o sínú garawa onídèérí ní igun kíláàsì kí ó lè jẹrà di ajílẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a sì ti ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku. Nígbà tí mo ṣí garawa, ohun inú rẹ̀ ti bu, ó funfun bí òwú, ó sì ti gbẹ. Àwọn ọmọ rọ̀gbà yí mi ká. Mo fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, eruku rú sókè bí èéfín, ọmọbìnrin tí ó dúró níwájú pátápátá sì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé òórùn ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró fée nínú àyà rẹ̀, tí mo rí i tí ó di etí tábìlì mú, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé ó ní ikọ́ fée, àti pé oògùn tí ó máa ń fà sẹ́nu wà nílé. Èmi olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó padà sí kíláàsì ní ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé ìta ni a ti ń ṣí ajílẹ̀, ìta náà ni a sì ti ń tú u. Ohun tí ó bu a máa ní hóró tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí ó ń fò bí ó bá gbẹ, tí ó sì lè ru ikọ́ fée sókè. Kí a kọ́kọ́ wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bíi kànrìnkàn tí a ti fún, kí olùkọ́ wọ ìbòmú, kí ó sì dá a tú, kí àwọn ọmọ dúró lókèèrè, ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Èkejì, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí, kí a tó kó èèpo kan ṣoṣo jọ, bóyá ọmọ wọn ní ikọ́ fée. Àwọn kan sọ pé ó yẹ kí n ti mọ̀. N kò jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikọ́ fée rẹ̀ kò sí níbi kankan nínú ìwé tí wọ́n fún mi.

Ẹ̀kẹta, òkìtì tí ó ga tó mítà kan, tí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lè gbóná dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru náà a sì máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Garawa kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí a má fi ẹran, ẹja tàbí ìgbẹ́ adìẹ sí i, kí gbogbo ọmọ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí a bá sì dé garawa náà pa, ohun inú rẹ̀ yóò máa rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Bí a bá lu ihò sí i, eruku rẹ̀ yóò jáde sínú yàrá. Ìta náà ni mo tún padà sí.

Abẹ́ igi máńgòrò ni garawa náà wà báyìí. Ọmọbìnrin náà ni ó ń kọ ọjọ́ tí a wọ́n omi sí i sínú ìwé. Ó ń dúró lókèèrè, oògùn rẹ̀ sì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀.